Ìyàwó Wa Tó Ń Ka Lítíréṣọ̀

Ilé Alhaji Kàmọ́rù,
Ẹ̀yìn Ọjà Òkè-Àjé,
Ìjẹ̀bú-Òde.
Ọjọ́ Àìkú, nínú oṣù Òkúdù.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Àǹtí Mọ́ṣádé,

Àsàlámù àlékúmù. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ̀yin tí ẹ pọ̀n mí dàgbà nígbà tí màmá wa ń ná ọjà kiri. Ṣé ara yín ti mókun? Orúnkún yín ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ oògùn? Bàbá Rídwàn náà ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹun bó ṣe yẹ? Mo bẹ Ọlọ́run Ọba pé kí ìwé yìí bá yín lórí ìjókòó àlàáfíà, kí ẹ fi ẹ̀rín kà á, kí ẹ má fi ìrora kà á. Ní tiwa níbí, a dúpẹ́. Òjò ń rọ̀ ní Ìjẹ̀bú bí ẹni pé wọ́n rán an sí wa ni, ṣùgbọ́n òrùlé wa kò jò. Haneef pè láti Èkó, ó ní iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Hafeezah ti wọ kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, ó sì ti ga jù mí lọ. Nígbà tí a bá jọ dúró níwájú dígí, èmi ni mo dà bí àbúrò.

Rídwàn ọmọ yín ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀ ní Ìlọrin. Mo mọ̀ pé etí yín kò gba ọ̀rọ̀ orí fóònù dáadáa mọ́, ohun tí mo sì fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń pariwo rẹ̀ sínú fóònù nínú ilé tí èrò kún. Rídwàn ló sọ fún mi pé ẹnìkan ti kúrò níbí wá bá yín, tó sọ pé mo fẹ́ lé ìyàwó mi, Hikmah, jáde nílé nítorí pé ó ń lọ sílé ìwé. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mi ò ní pè é ní irọ́ pátápátá. Ohun tó dùn mí ni pé ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi náà.

Ẹ mọ Hikmah. Ẹ rí i nígbà tí ẹ wá síbi ìkómọ Zayd, ọmọ rẹ̀. Òun ni ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ní kì í sọ̀rọ̀, tí ẹ ní ṣé ẹnu ń dùn ún ni. Bàbá rẹ̀ ló kú nígbà tó kù díẹ̀ kó ṣe ìdánwò àṣejáde, ló bá fi ìwé sílẹ̀, ó kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, ibẹ̀ ni Alhaji ti rí i. Ní ọdún tó kọjá, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn báàgì àti bàtà sáńdà ọmọléèwé tí mò ń tà. Kò tíì sọ fún ọkọ wa rárá. Ó ní, “Ìyáálé mi, mo fẹ́ parí ìwé mi. Mo fẹ́ ṣe Wáẹ̀kì, kí n lè wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́.” Inú mi dùn sí i nígbà náà. Èmi fúnra mi ni mo bá Alhaji sọ ọ́. Mo ní kó jẹ́ kó máa lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́, mo ní èmi yóò máa bójú tó Zayd títí tí yóò fi dé.

Lára iṣẹ́ tó yàn ni lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ mọ̀ pé nígbà tèmi, ètò ìṣòwò ni mo ṣe, mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé ìtàn kúkúrú àti ewì ni wọ́n ń kà. Wọ́n á kà á, lẹ́yìn náà wọ́n á máa tú u wò bí ẹni tó ń tú aṣọ tí wọ́n ti rán, kí wọ́n lè rí bí okùn ṣe gbà wọlé: ta ló ń sọ̀rọ̀, kí ló ń fẹ́, kí ló dé tí ẹni tó kọ ọ́ fi lo ọ̀rọ̀ yìí, tí kò lo ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo rò ó lọ́kàn mi pé iṣẹ́ ọ̀lẹ nìyẹn. Mi ò sọ ọ́ síta.

Olùkọ́ wọn ni ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Theophilus Ṣóyẹmí, ará Odògbólú, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Òun ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó sọ fún wọn pé ìtàn yòówù tí wọ́n bá kà, kí wọ́n délé, kí wọ́n sọ ọ́ fún ará ilé wọn ní èdè tí wọ́n fi ń bá ara wọn jà. Ó ní ẹni tí kò bá lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n, ó kàn rí i lójú ìwé ni. Bí Hikmah ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn nìyẹn, ní pálọ̀ wa, lẹ́yìn ìrun Mọgáríbì.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ Alhaji. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá ti jẹun tán, fóònù ló kàn, kó máa pe àwọn oníbàárà símẹ́ńtì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí oorun yóò fi gbé e. Ọkùnrin yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í dojú fóònù bolẹ̀. Hikmah tí kì í sọ̀rọ̀ yóò dìde láàárín pálọ̀, ohùn rẹ̀ yóò yí padà. Bí arúgbó ló ń sọ̀rọ̀ nínú ìtàn, arúgbó ni yóò dà. Bí olówó ni, yóò fẹ àyà, yóò gbé àgbọ̀n sókè. Hafeezah yóò jókòó sílẹ̀, yóò gbé Zayd lé itan, ẹnu wọn yóò la. Èmi a máa wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì, mò ń ṣe bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ̀wà tí mo ti ṣà tán ni mo tún máa ń ṣà.

Ìtàn kan wà níbẹ̀ tó gbà mí lọ́kàn. Káfíńtà kan ni wọ́n bẹ̀ níṣẹ́ pé kó ṣe ilẹ̀kùn fún olówó ìlú. Ó ṣe é, ó ṣe é, ilẹ̀kùn náà dára tó bẹ́ẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò fi mọ̀ pé òun lè ṣe irú rẹ̀. Nígbà tí olówó rán ènìyàn wá gbé e, káfíńtà ní kò tíì gbẹ. Nígbà tí wọ́n padà wá, ó ní ó ku òdà. Nígbà tí olówó fúnra rẹ̀ wá dúró lójú ọ̀nà pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, káfíńtà ti gbé ilẹ̀kùn náà pamọ́ sábẹ́ koríko. Ibẹ̀ ni Hikmah dé tí wọ́n pe ìrun Ìṣáì. Ó ní, “Ó di ọ̀la.” Alhaji fi ọwọ́ lu itan, ó ní, “Háà! Ìyàwó, o fẹ́ pa mí ni?”

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n já ọjà fún mi ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò sì tètè délé. Bí mo ṣe wọlé, ìtàn ti parí. Iyàn ni mo bá wọn lórí rẹ̀. Alhaji ní ẹ̀bi káfíńtà ni, Hafeezah ní ẹ̀bi olówó ni, Hikmah ń rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn méjèèjì ló tọ̀nà. Mo dúró tèmi tẹrù lórí. Mo bi wọ́n pé, “Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀kùn náà?” Ẹ mọ ohun tí Alhaji sọ? Ó ní, “Ìyá Haneef, o ti pàdánù. Bó ṣe sọ ọ́ ló dùn, kì í ṣe ohun tí èèyàn lè tún sọ.” Mo sọ ẹrù kalẹ̀, mo wọ yàrá mi. Mi ò jẹun lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó bi mí pé kí ló dé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti ewì. Ó kọ́ ọ lórí, ó ń kà á bó ṣe ń fọ aṣọ Zayd lẹ́yìnkùlé. Alhaji ní kó túmọ̀ rẹ̀. Hikmah ní ewì náà sọ pé òjò ń kan gbogbo òrùlé àdúgbò, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣoṣo ni òjò náà ń béèrè, ẹni náà kò sì sí nílé. Alhaji ní, “Tún un sọ.” Ó tún un sọ. Ẹ̀gbọ́n mi, láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí, tí Haneef fi di ẹni tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, kò sí ohun kan tí mo sọ rí tó ní kí n tún sọ, àfi iye tí wọ́n ń ta símẹ́ńtì ní Ìkòròdú. Owú gbá mi láyà mú. Ó dà bíi kí n da omi ọṣẹ náà nù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ẹ wọlé, mi ò jowú tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà sì jẹ́rìí sí i. Aṣọ tí Alhaji ń rà fún un kò dùn mí, ọmọ tó bí kò dùn mí. Ọ̀rọ̀ òjò lásán ló wá ń fa ọkàn mi ya.

Síbẹ̀, ti Hafeezah ló gún mi jù. Hafeezah náà ń ṣe lítíréṣọ̀ ní ilé ìwé rẹ̀, ìwé kan náà ni òun àti Hikmah sì ń kà. Ẹ mọ bí ọmọ yẹn ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí ilé ìwé bá ti jáde, ṣọ́ọ̀bù mi ló ń gbà lọ, kó sọ fún mi ẹni tó jà, ẹni tí wọ́n nà, olùkọ́ tó gbàgbé bùrọ́ọ̀ṣì irun sórí. Báyìí, ilé ló ń gbà lọ tààrà. Yàrá Hikmah ni yóò wọ̀, màá máa gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ojú ọ̀nà. Ní ọjọ́ kan mo gbọ́ tó ń ka nǹkan kan fún un, Hikmah sì pàtẹ́wọ́. Nígbà tó jáde, mo bi í. Ó ní ewì ni, òun fúnra òun ló kọ ọ́. Ọmọ mi kọ ewì, ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ! Mo ní kó kà á fún èmi náà. Ó wò mí, kò ní ohun búburú lọ́kàn, ó ní, “Màmá, Gẹ̀ẹ́sì ni o. Kò ní yé yín.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Hikmah gbé Zayd lọ gba abẹ́rẹ́, mo mú ìwé náà lórí tábìlì. Mo ṣí i, mo wá ibi ìtàn káfíńtà. Mo mọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń ra ọjà, mo mọ èyí tí wọ́n fi ń tà á. Mo fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí ilẹ̀kùn, mo rí koríko, mo rí olówó. Mo mọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe mọ ará àdúgbò, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe jọ dúró, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ. Mo tún un kà, ojú ń ro mí. Mo pa ìwé náà dé, mo dá a padà sí bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀ṣẹ̀ Hikmah kiri.

Kò pẹ́ tí mo fi rí i. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, òun ni oúnjẹ kàn. Ó gbé ìkọ́kọrẹ́ kaná fún Alhaji tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ìkọ́kọrẹ́ kò ṣe é fi sílẹ̀ lórí iná. Ìwé ló ń kà létí ààrò títí tí gbogbo rẹ̀ fi jó mọ́ ìdí ìkòkò. Òórùn rẹ̀ dé ẹnu géètì. Háà, mo pariwo! Mo ní, “Ṣé ewì ni Alhaji yóò jẹ ni? Ẹni tí kò rí ìwé kà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kà á, kí ló tún ń wá kiri? Fi ìwé náà dáná, bóyá oúnjẹ yóò jinná!” Ìyàwó àbúrò Alhaji wà níjókòó ní pálọ̀, òun ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá bá yín, mo mọ̀ ọ́n. Hikmah wọ yàrá rẹ̀, ó kó àwọn ìwé rẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù dúdú, ó gbé e sí ẹsẹ̀ mi. Ó ní, “Ìyáálé mi, ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ. Tí ẹ bá ní kí n má lọ mọ́, mi ò ní lọ mọ́.” Ó padà lọ ń họ ìkòkò.

Bí Alhaji ṣe wọlé, tó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó pè mí sí yàrá. Ó ní, “Ìyá Haneef, ìwọ lo bẹ̀ mí pé kó lọ, kì í ṣe èmi. Mi ò fẹ́ ilé oníjà. Ẹnu rẹ ni mo fi ọ̀rọ̀ náà sí. Tí o bá ní kó jókòó sílé, ó jókòó sílé nìyẹn, kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé o ṣe ohun tí kò dáa. Rò ó, kí o sọ fún mi.” Ó mú bùbá rẹ̀, ó lọ jẹ búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù símẹ́ńtì rẹ̀.

Mi ò ní tàn yín. Ní ìrọ̀lẹ́ tó kọ́kọ́ tẹ̀lé e, inú mi dùn. Kò sí ìtàn. Alhaji tan tẹlifíṣọ̀n, ó ń wo ìròyìn, ó tún gbé fóònù rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo rí i pé Hafeezah kì í bá mi sọ ju “ẹ káàárọ̀ mà” àti “ó dàárọ̀ mà” lọ. Zayd ń fa aṣọ ìyá rẹ̀, ó ń ní, “Káfíńtà dà?” Hikmah ń fọ abọ́, ó ń gbálẹ̀, ó ń dá mi lóhùn pé “bẹ́ẹ̀ ni mà” sí ohun gbogbo. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, mo sì rí i gbà. Bí mo bá bu oúnjẹ sẹ́nu, bí ẹni tó ń jẹ bébà ni.

Ní ọjọ́ Ajé, Hikmah ní òun fẹ́ lọ dá ìwé kan tí olùkọ́ fi yá òun padà, kí òun sì dágbére. Ó lọ. Òjò ṣú. Mo rí agboòrùn rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo mú un, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá tẹ̀lé e. Mo ń sọ fún ara mi pé nítorí òjò ni, àmọ́ mo fẹ́ fojú ara mi rí ibi tí wọ́n ti ń kó gbogbo adùn yìí wá kó tó di pé mo sọ ọ̀rọ̀ mi fún Alhaji. Mo ti ya àwòrán rẹ̀ sọ́kàn: Hikmah níwájú, tí gbogbo ènìyàn ń gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ ní pálọ̀ wa.

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n ń lò ní ìrọ̀lẹ́. Òjò ti dé, mo dúró lẹ́bàá fèrèsé, mi ò rántí ṣí agboòrùn. Àwọn ọmọ tí wọn kò ju Hafeezah lọ ló kún ibẹ̀, Hikmah nìkan ni ìyàwó ilé láàárín wọn, ó jókòó sí igun kan bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun. Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹmí ní kó dìde, kó ka ewì òjò yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi, ó kọsẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ kan, ó tún un pè, ó tún kọsẹ̀. Ọmọbìnrin kan níwájú sín in jẹ, ó ní, “Màmá Zayd, ẹ rọra o!” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ lu tábìlì kí wọ́n dákẹ́. Mo rò pé yóò jókòó. Kò jókòó. Ó gbé ìwé sún mọ́ ojú, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó kà á tán pẹ̀lú ẹ̀rín wọn lábẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń fẹ àyà bí olówó ní pálọ̀ wa rèé. Ohun tí ojú rẹ̀ ń rí nìyí kó tó gbé ìtàn wá sílé, kò sì sọ ọ́ fún wa rí.

Inú bí mi. Ìyàwó ilé wa ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́! Èmi lè bá a wí, ìyáálé rẹ̀ ni mí, ṣùgbọ́n ta ni wọ́n? Mo ti ilẹ̀kùn wọlé, omi ń kán lára mi. Mo ní, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìyàwó wa, agboòrùn rẹ rèé.” Mo wá ìjókòó lẹ́yìn, ìjókòó ọmọdé, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Mo tẹjú mọ́ ọmọbìnrin tó sín in jẹ títí ó fi sorí kọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹmí rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ẹ káàbọ̀ mà. Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ forúkọ sílẹ̀ ni?” Mo ní, “Rárá, sà. Ìyàwó mi ni mo wá mú relé.” Kò sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín níbẹ̀ títí tí wọ́n fi parí.

Nígbà tí wọ́n jáde, Hikmah gbé ìwé olùkọ́ síwájú rẹ̀, ó ní, “Sà, mo fẹ́ dá a padà, torí pé…” Mi ò mọ ohun tó gbé mi. Mo na ọwọ́, mo gba ìwé náà kí olùkọ́ tó gbà á, mo tì í bọ abẹ́ híjáàbù mi kí òjò má pa á. Mo ní, “Kò tíì kà á tán, sà.” Hikmah wò mí bí ẹni pé kì í ṣe èmi ni.

Kò sí kẹ̀kẹ́ nítorí òjò, a bá fẹsẹ̀ rìn lábẹ́ agboòrùn kan ṣoṣo. Mo wá bi í pé, “Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀kùn yẹn?” Ó dúró. Ó ní, “Ẹ̀yin ń fẹ́ gbọ́ ọ?” Mo ní kó máa sọ ọ́. Ó sọ ọ́ láàárín títì, mọ́tò ń ta omi sí wa lára. Ó ní nígbà tí ó sú olówó, tó lọ ra ilẹ̀kùn mìíràn, káfíńtà gbé ilẹ̀kùn náà so mọ́ ahéré rẹ̀. Àwọn olè tó ń kọjá rí ilẹ̀kùn olówó, wọ́n rò pé ọrọ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n já wọlé, wọn kò rí nǹkan kan bí kò ṣe ẹní àti ìkòkò. Ni wọ́n bá yọ ilẹ̀kùn náà lọ. Mo ní ẹ̀bi káfíńtà ni. Ó ní, “Kí ló yẹ kó ṣe, ìyáálé mi? Tó bá gbé e fún olówó, kò tún ní rí i mọ́.” Mo jiyàn, ó jiyàn, títí a fi dé ojúlé wa. Mo ń wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, omi òjò ń ṣàn lórí rẹ̀, ó ń tàn. Owú tún mú mi níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Mo bi ara mi pé kí lèmi ní tó ń mú ojú mi tàn bẹ́ẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé tí n bá gba tirẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè di tèmi.

Alhaji wà ní pálọ̀, ó rí àwa méjèèjì tí a rin gbindin. Ó ní, “Ìyá Haneef, kí lo ti rí sí ọ̀rọ̀ yẹn?” Hikmah kúnlẹ̀, Hafeezah yọjú láti yàrá. Mo ní, “Kó máa lọ. Ṣùgbọ́n mo ní àdéhùn kan. Ìtàn yòówù tó bá kọ́, èmi ni kó kọ́kọ́ sọ fún. Ewì náà bẹ́ẹ̀. Kó má dé pálọ̀ yìí kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.” Alhaji rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín, ohun tí mo fẹ́ gan-an ni mo sọ. Hikmah ní, “Mo gbà, ìyáálé mi.” Láti ọjọ́ náà, bí kíláàsì bá ti parí, ṣọ́ọ̀bù mi ló ń gbà. Yóò jókòó sórí àpótí sáńdà, yóò sọ ọ́ fún mi, màá bá a jiyàn, lẹ́yìn náà la ó jọ ti ṣọ́ọ̀bù, a ó relé.

Hafeezah náà wá bá mi lórí ibùsùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní òun ti túmọ̀ ewì òun sí Yorùbá, kí n gbọ́ ọ. Mo ti rò pé nípa ìyá rẹ̀ ni yóò jẹ́. Nípa ewúrẹ́ ni. Ewúrẹ́ kan tó sùn sáàárín títì Òkè-Àjé, tí gbogbo mọ́tò ń yà fún. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó tún un sọ, ó sì tún un sọ.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹni yẹn bá tún wá sọ́dọ̀ yín, ẹ sọ fún un pé Hikmah wà nílé rẹ̀, ó sì ń lọ sí kíláàsì rẹ̀. Ẹ má rò pé owú ti tán lọ́kàn mi o. Kò tán. Bí Alhaji bá ń gbọ́ ọ, tí ojú rẹ̀ ń dán, nǹkan kan ṣì máa ń ta mí níbí, lábẹ́ ọmú òsì. Ẹ máa fi mí sínú àdúrà yín.

Ọlọ́run Ọba yóò fún yín ní ẹ̀mí gígùn nínú ìlera. Orúnkún yín yóò gbé yín débi tí ẹ bá ń lọ, yóò sì gbé yín padà. Ẹ kò ní fi ojú sunkún àwọn ọmọ yín, a ó sì tún jọ jókòó sábẹ́ òrùlé kan náà kí ọdún yìí tó parí. Àmín.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ pọ̀n,
Fàtímọ̀, Ìyá Haneef.

Àfikún: Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Alhaji ti bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Lánàá, ó kúrò nídìí símẹ́ńtì rẹ̀ kí ọjà tó tú, ó wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù, ó ṣe bí ẹni tó ń yẹ sáńdà wò. Hikmah ń sọ ìtàn kan lọ́wọ́, ó dúró. Alhaji ní ká má dá òun lóhùn, òun ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní kó lọ dúró dè wá nílé, ìgbà tó bá kàn án, yóò gbọ́ ọ. Kò bínú, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó lọ dúró lẹ́yìn àwọn báàgì tí mo so kọ́, mo ń wo bàtà rẹ̀ lábẹ́ wọn. Mo ní kí Hikmah rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀, kó máa bá ìtàn rẹ̀ lọ.